Fèrè Orogún Ìyá

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún yín: ọkọ mi, àgbà ọkùnrin tó ti hu ewú, ọkọ̀ ojú irin ló fi ń ṣeré. Kì í ṣe oníke tí wọ́n ń ki bátìrì sí nídìí o. Èyí tí mò ń wí yìí ń jẹ èédú, ó ń mu omi, ó sì ń tu èéfín sára aṣọ tí mo bá sá sẹ́yìnkùlé. Kò gùn ju bẹ́ǹṣì kan lọ, àmọ́ bí ọkùnrin méjì bá fẹ́ gbé e, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú ara wọn ná.

Èmi àti ọkọ mi, ọjọ́ orí wa ò jìnnà síra. "Ìwọ" ni mo máa ń pè é, ẹni tí inú bá ń bí kó lọ sùn. Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa ni títún maṣíìnì ìránṣọ ṣe, ibẹ̀ náà la sì ti pàdé. Télọ̀ ni mí. Maṣíìnì mi dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, oníbàárà jókòó tì mí, ó ń mi ẹsẹ̀. Wọ́n bá mi pe gìrìpá kan wá. Kò kí mi dáadáa, ó ti orí bọ abẹ́ maṣíìnì, ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́, ó dijú. Mo ní nínú ara mi pé, "Ẹ gbà mí o, eléyìí ti sùn." Àṣé etí ló fi ń wá ibi tó ń dun maṣíìnì náà. Bó ṣe rí títí dòní nìyẹn. Ohunkóhun tó bá ń yí tó ń dún, etí ló fi ń mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kó o sí wàhálà. Dírẹ́bà rélùwéè ni bàbá náà, láyé ìgbà tí rélùwéè ṣì ń jẹ èédú. Bí ọkọ mi ṣe kéré tó nígbà náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló máa ń lọ dúró nídìí ọgbà tó wà lẹ́bàá afárá, táá máa retí kí ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ̀ yọ. Ó ti pinnu pé dírẹ́bà lòun náà máa jẹ́. Kó tó hu irùngbọ̀n, wọ́n ti kó àwọn eléèédú sílẹ̀, wọ́n gbé elépo dé. Títí di báyìí, kò dárí ji àwọn elépo yẹn. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kùn ni wọ́n. Ló bá yà sídìí maṣíìnì ìránṣọ, ó ní ó kéré tán, tiwọn náà ń lọ sókè sódò.

Àmọ́ ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n gbé òkú ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ síwájú ibùdókọ̀ àtijọ́, koríko ti hù láàárín wíìlì rẹ̀. Bí mo bá wá téèpù ìwọnṣọ mi títí tí n kò rí i, mo ti mọ ibi tó wà. Ọkọ mi ti mú un lọ sọ́hùn-ún, ó ń wọn àyà ẹ́ńjìnnì bí ẹni fẹ́ rán ẹ̀wù fún un. Gbogbo ohun tó bá wọ̀n níbẹ̀ ló máa ń sọ di kékeré nílé: ilẹ̀kùn iná, ọ̀pá èéfín, bóòtù tí wọ́n fi ń de irin mọ́ra, tó kéré débi tí mi ò lè fi ojú lásán rí i. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é nínú yàrá ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé yàrá ẹ̀yìn tí mo rò pé màá máa kó aṣọ sí, mo ti dágbére fún un tipẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bí nínú jù mí lọ ni ìyá ọkọ mi. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Ìyá ò pe ẹ́ńjìnnì yẹn ní ẹ́ńjìnnì rí. "Orogún mi" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní bí Bàbá bá sinmi lẹ́nu iṣẹ́, á tún padà lọ nu orogún òun, á fi òróró pa á lára, á sì wálé wá béèrè pé kí lẹ sè. Nígbà tí wọ́n wá gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ Bàbá, ó jókòó sílé, ó ń gbọ́ àwọn elépo tó ń kọjá, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú. Ìyá máa ń sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín pé ọkọ òun ṣọ̀fọ̀ orogún òun ju bó ṣe máa ṣọ̀fọ̀ òun lọ.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ bíbí inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kan orogún ọ̀hún pa pọ̀ nínú ilé.

"Ẹni tí mo ti sin," Ìyá wí fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "ìwọ lo tún lọ hú u jáde?"

"Ìyá, irin lásán ni."

"Ohun tí bàbá ẹ náà sọ nìyẹn."

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò fẹsẹ̀ tẹ yàrá yẹn. Bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á pòṣé, òṣé náà á sì gùn dé ilé ìdáná.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, fèrè ló kù. Ọkọ mi lọ wọn fèrè ẹ́ńjìnnì ńlá, ó sọ ọ́ di kékeré bó ṣe sọ gbogbo ara yòókù di kékeré, kò fi fọ́nrán irun orí kan yàtọ̀ sí ìwọ̀n rẹ̀. Ó dáná, omi hó, ó gbé e sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí gbogbo àdúgbò ti lè rí i, ó fa okùn fèrè. Fíìn! Ìyá, tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wá pariwo pé:

"Ta ló ń tẹ ọmọ adìyẹ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Kí ni màá ṣe? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé kejì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo òpópónà ti ń pè é ní Bàbá Ọmọ Adìyẹ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọkọ mi paná, ó da omi nù, ó fi aṣọ bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá gbálẹ̀ débẹ̀, mo máa ń rí aṣọ yẹn, eruku ti dì lórí rẹ̀. Inú mi máa ń bà jẹ́, ẹ má rò pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni téèyàn ń bá jà lórí ohun kan, téèyàn bá rí i pé ó ti jọ̀wọ́ ohun náà sílẹ̀, ìjà ọ̀hún ò dùn mọ́.

Ibi tá a wà nìyẹn tí etí Ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Fóònù la kọ́kọ́ rí. Ó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo àwo. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Ìyàwó, àwọn ẹyẹ tó wà lórí igi yìí ti kó lọ." Àwọn ẹyẹ ọ̀hún wà lórí igi, wọ́n ń pariwo bí ọmọ iléèwé. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, wọ́n ti kó lọ," mo sì sáré wọlé lọ nu ojú mi.

A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí. Ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni. Ó fi nǹkan sí Ìyá létí, ó wò ó, ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní ohùn tó bá tín-ín-rín ló ń kọ́kọ́ kúrò létí àgbà: ti ẹyẹ, ti ọmọdé, ti agogo. Ohùn tó bá nípọn ló ń kẹ́yìn. Ó ní èyí tó kù fún Ìyá náà ń lọ, kò sì dájú pé á pẹ́. Ó fún wọn ní ohun tí wọ́n ń kì bọ etí. Ìyá lò ó dé ilé, wọ́n yọ ọ́, wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè máa gbé kòkòrò kiri nínú orí.

Bí a ṣe délé, ọkọ mi lọ ṣí yàrá ẹ̀yìn, ó gbọn aṣọ yẹn nù. Mo tẹ̀ lé e.

"Bàbá wọn, kí lo tún fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ kí Ìyá gbọ́ Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní, "kí etí wọn tó dí."

"Ìyá wo? Ìyá tó ń pòṣé sí i yìí?"

"Ìyá ò tíì gbọ́ ọ. Ọmọ adìyẹ ni wọ́n gbọ́."

Mo wo ojú rẹ̀. N kò ráyè bá a jà.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ní àrùn ọkọ̀ ojú irin yìí, oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ọgbà wa àti ọgbà rẹ̀ fara kanra. Ó ti to ojú irin kékeré yí àgbàlá rẹ̀ ká, ibẹ̀ làwọn méjèèjì ti máa ń ṣe bí ọmọdé. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí bóyá àwọ̀ ewé ni ọ̀dà ẹ́ńjìnnì kan àbí dúdú, títí búrẹ́dì fi jóná nínú ààrò. Oníbúrẹ́dì ló la ọ̀rọ̀ yé e.

"Ìwọ lè sọ irin di kékeré," ó ní, "o ò lè sọ afẹ́fẹ́ di kékeré. Fèrè tó bá kúrú, tín-ín-rín ni ohùn ẹ̀ máa jẹ́, kò sí bó o ṣe lè bẹ̀ ẹ́. Bó o bá fẹ́ ohùn àgbà, àfi kó o fún un ní ọ̀fun àgbà."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ irú èèyàn tí mo fẹ́. Ohun tí oníbúrẹ́dì sọ dùn ún bí ẹni pé wọ́n bú u. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn bóòtù wọ̀nyẹn, tí nǹkan kan ò ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n ní kó lọ fi ọ̀pá fèrè tó gùn tó ti ẹ́ńjìnnì ńlá sí i lára! Àwọn tó ń ṣe eré yìí, ohun tó ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú wọn nìyẹn. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó sú mi, mo gbé sísọ́ọ̀sì mi sílẹ̀.

"Bàbá wọn, bí mo bá rán ẹ̀wù tó bá téèpù mu rẹ́gí, tí kò wá bá ẹni tó ni ín mu, kí ni mo rán?"

Ó lọ gé ọ̀pá bàbà. Ó gé e gùn, ó ṣe é tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fi pamọ́ sábẹ́ ọmọ ọkọ̀ ẹ̀yìn tó ń ru èédú, níbi tí ojú èèyàn ò ní tètè dé. Bó ṣe ń ṣe é, ó ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó parọ́ nílé ẹjọ́.

Àwọn tó ń ṣe eré yìí ní òfin kan láàárín ara wọn, mo sì fẹ́ràn òfin yẹn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dáná sábẹ́ àgbá omi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kàn tàbí tó tú palẹ̀, àfi tí ẹlòmíì bá ti bá a yẹ̀ ẹ́ wò. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á rọ omi tútù kún un bámúbámú, á fi páǹpù ọwọ́ ti omi náà mọ́ra ju bí iná ṣe máa tì í lọ, á wá máa wò ó bóyá ó ń làágùn. Ẹni tó ni ín á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á ká ọwọ́ sẹ́yìn. Bí ọkọ mi ṣe dúró nìyẹn ní àgbàlá oníbúrẹ́dì, bí ọmọ tó ń retí pàṣán. Omi kán tó, ẹyọ kan, níbi tó ti so fèrè tuntun mọ́ ọn.

"Ó ti làágùn," oníbúrẹ́dì ní. "Tú u."

"Ẹyọ kan péré!"

"Ọ̀rẹ́ mi, tú u."

Ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń tún un ṣe, etí Ìyá ń lọ. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá pè wọ́n láti ilé ìdáná, wọ́n á dáhùn. Ó di pé mo ní láti jáde kí n tó pè wọ́n. Ó wá di pé mo ní láti fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Ọkọ mi ń rí gbogbo rẹ̀. Bí ó bá wá jẹun, ojú Ìyá ló máa ń wò, kò ní wo oúnjẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run nítorí ẹ́ńjìnnì. Èmi! Ẹ ò rí nǹkan.

Ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí kò làágùn mọ́, ọ̀sán ti ń rọlẹ̀. Ọkọ mi sáré wálé, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ẹnu sí wọn létí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí àgbàlá oníbúrẹ́dì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan."

"Ṣé orogún mi ti múra tán?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n wọṣọ, kí n máa lọ kí orogún? Lójú ayé mi? Lọ bá a, ọmọ mi. Ẹ kí ara yín."

Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà. Ọkọ mi dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀ nù, ó jáde lọ. Ó dùn mí dé egungun. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e, àmọ́ ta ló máa jókòó ti Ìyá? Mo fa àga mi sún mọ́ wọn, mo ń ṣẹ́ etí aṣọ kan, mo ń gún ara mi lábẹ́rẹ́ torí pé inú ń bí mi. Mo ń sọ ọ́ sí wọn ní gbangba, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò gbọ́, pé, "Ẹ̀yin náà le jù, Ìyá. Ẹ le jù."

Ìgbà yẹn ló dún.

Kì í ṣe etí mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àyà mi ni. Ohùn ńlá kan ni, ó rẹlẹ̀, ó nípọn, bí ẹni pé ohun tó tóbi ju ilé wa lọ ló ń bọ̀. Ọkọ mi fà á lẹ́ẹ̀mejì gbọọrọ, ó fà á ní kúkúrú, ó wá fa èyí tó gbẹ̀yìn, ó sì ń rọra jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pòórá. Orí mi wú. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń fà á nìyẹn. Ó ti fi ẹnu fọn ọn fún mi rí.

Ọwọ́ Ìyá dúró nínú ẹ̀wà.

Wọ́n dìde. Ìyá tá a máa ń fọwọ́ méjèèjì gbé dìde! Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n gbé ìkòkò tó tóbi jù, wọ́n pọnmi sí i, wọ́n gbé e ka sítóòfù, wọ́n ṣáná sí i. Mo ń sáré tẹ̀ lé wọn.

"Ìyá! Kí lẹ ń ṣe?"

"Ó ti dé orí afárá!" Wọ́n pariwo bí adití ṣe máa ń pariwo.

Wọ́n wá dúró, igi ìṣáná ń jó lọ lọ́wọ́ wọn, mo sì fẹ́ ẹ pa. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ìyàwó."

"Ìyá."

"Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá o. Kì í ṣe èmi."

Wọ́n jókòó sórí àpótí tó wà nílé ìdáná, wọ́n sì sọ ohun tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Bàbá ló ń fi fèrè yẹn ránṣẹ́ sí wọn. Kì í ṣe àmì àwọn rélùwéè. Ọ̀gá wọn tilẹ̀ bá a wí títí, kò gbọ́. Bó bá ti dé orí afárá, á fà á bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, gbé omi mi kaná. Kó tó gbé ọkọ̀ wọ ibùdó, kó tó rìn dé ilé, omi ti gbóná. Á wọlé, èédú á ti dé irun ìpéǹpéjú rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ló máa funfun.

"Orogún wo ló ń bá ọkọ jíṣẹ́ fún ìyàwó bẹ́ẹ̀?" Ìyá ní. Omi ń dà lójú wọn, wọn ò nù ún. "Mo ti bú u jù. Mo ti bú u jù, ìyàwó."

Mo fẹ́ sáré lọ pe ọkọ mi. Ìyá di aṣọ mi mú. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó wá bá omi ẹ̀ nílé." A jọ da omi náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé e lọ sí balùwẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé mi, wọ́n fọwọ́ kàn án wò bóyá ó tó.

Nígbà tó wọlé, èédú ni láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ti so èjìká rọ̀. Lórí ọgbà ló ti ń wò ní gbogbo ìgbà tó fi ń fọn fèrè, kò sì rí orí ẹnikẹ́ni. Kò lè wo ibi tí Ìyá jókòó sí. Èmi ló rọra bi pé:

"Wọn ò gbọ́ ọ, àbí?"

Kí n tó lanu, Ìyá ti gbé orí sókè.

"Omi ẹ wà ní balùwẹ̀," wọ́n ní. "Mo gbé e kaná nígbà tó o dé orí afárá. Tètè lọ, kó má tutù."

Ó dúró síbẹ̀. Mo rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ inú rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ìyá, ẹ gbọ́ ọ?"

"Lọ wẹ̀ ná. Bàbá ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ kó tó wẹ̀."

Ó lọ. Ó ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó da igbá omi kan sórí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ. Ẹkún ni, ẹkún gidi, irú èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ń da omi kí omi lè bò ó, omi ò bò ó. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ, àyàfi Ìyá tí wọ́n ti padà sídìí ẹ̀wà wọn.

Ó ṣe díẹ̀, wọ́n wo ọ̀nà balùwẹ̀, wọ́n wò mí.

"Kí ló ń ṣe tó fi pẹ́ tó báyìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ẹnu sí wọn létí, mo pariwo:

"Orin ló ń kọ, Ìyá!"

Wọ́n mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹ̀wà ọwọ́ wọn.

"Bàbá ẹ̀ náà," wọ́n ní, "ibẹ̀ ló ti máa ń kọrin."